Ọ̀já Funfun tí Mo Hun fún Ìyáálé Mi

Òórùn oògùn òyìnbó ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lára ìyáálé mi lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ìwó. Èéfín dúdú ọkọ̀ náà kò tíì kúrò lójú wa, àwọn alárùú ń sáré gbé apẹ̀rẹ̀ obì, àwọn èrò ń pe orúkọ ara wọn láti ojú fèrèsé, síbẹ̀ òórùn náà la àárín gbogbo rẹ̀ kọjá wá bá mi. Ó tutù, ó sì ń ta ni nímú, bí ìgbà tí èèyàn fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ irin. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀, mo máa ń yà kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe nítorí pé ó burú. Ó jẹ́ nítorí pé òun ló bẹ̀rẹ̀ ọdún tí wọ́n fẹ́ẹ́ gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi.

Ìwọ tí o ti gbé ilé orogún rí, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé púpọ̀ fún ọ. Oníṣòwò obì ni ọkọ wa, agboolé àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n bí wọn sí láàárín ìlú Ìwó, ibẹ̀ náà ni a sì ń gbé. Ìyáálé mi ti lo ọdún mẹ́wàá nílé kí wọ́n tó gbé mi wá láti Kuta. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń se ọbẹ̀ tí ọkọ wa fẹ́ràn, èmi náà sì ṣe bí ẹni tí kò mọ ọbẹ̀ sè rí kí inú wọn lè dùn. A kò bá ara wa jà. A kò sì fẹ́ràn ara wa. A kàn ń kí ara wa dáadáa láàárọ̀, a sì ń wo ara wa láti ẹ̀gbẹ́ ojú títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ọdún kẹta tí mo wọlé ni ikùn ìyáálé mi bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Àwọn tí kò mọ̀ ń ṣàdúrà fún wọn pé Ọlọ́run yóò sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láyọ̀, àwọn náà á sì dáhùn pé àmín, wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́sàn-án kọjá, ọdún kan kọjá, ìkejì tẹ̀ lé e, ikùn kò bí nǹkan kan. Ìju, kókó tó ń dàgbà nínú ilé ọmọ, ni àwọn àgbà pè é. Ìyáálé mi mu àgbo títí ẹnu wọn fi korò. Wọ́n mu hàǹtú, omi tí wọ́n fi ń fọ àyọkà Kùránì kúrò lára wàláà, ìju kò gbọ́. Ìgbà tó yá, wọn kò lè dìde láìdi ògiri mú. Ní ìdíkọ̀ ọkọ̀ ojú irin ni ọkọ wa ti gbọ́ ìròyìn dókítà òyìnbó kan ní ilé ìwòsàn àwọn oníwàásù, ní ìlú kan tó jìnnà, tó ń la ikùn èèyàn, tó ń mú ohun tó wà níbẹ̀ jáde, tó sì ń fi abẹ́rẹ́ rán an padà bí ẹni rán àpò. Ìyá ọkọ wa ní kò ní ṣẹlẹ̀. Ìyáálé mi fúnra wọn ló ní àwọn yóò lọ, nítorí pé ikú tí èèyàn bá rìn lọ bá kò burú tó èyí tó ń jẹ ni díẹ̀díẹ̀.

Ó lé ní oṣù méjì tí wọ́n fi wà lọ́hùn-ún. Láàárín ìgbà náà ni mo hun ọ̀já. Híhun kíjìpá ni iṣẹ́ mi, ọwọ́ ìyá mi ní Kuta ni mo ti kọ́ ọ, òfì mi sì dúró ti ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyáálé mi. Nílẹ̀ wa, obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọ̀já ni a fi ń di ikùn rẹ̀ kí ó lè wọlé padà. Mo rò ó pé obìnrin tí wọ́n gbé nǹkan tó tó igbá kúrò nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí abiyamọ. Mo ṣa òwú tó mọ́ jù, mo ran án tẹ́ẹ́rẹ́, mo hun ọ̀já funfun kan tó gùn tó yípo ìbàdí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ṣé kí n sọ òótọ́ fún ọ? Bí mo ti ń hun ún, tí mo ń fi apásà, igi pẹlẹbẹ tí a fi ń lu òwú kí ó lè wọra, ń lù ú, ohun kan ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ àká wà nígbà náà. Èmi ni àwọn àlejò ń bi léèrè. Mo ń ronú pé, bí wọn kò bá padà wá ńkọ́? Mo ronú bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo tún ronú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, apásà ń lu òwú, èrò náà ń wọ inú aṣọ lọ. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n wá padà dé, tí òórùn yẹn ń jáde lára wọn, mo kúnlẹ̀ ní ìdíkọ̀ níbẹ̀, mo kí wọn kú àbọ̀, kú ewu. Wọ́n ti fọn, ojú wọn tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ikùn ti lọ. Gbogbo agboolé wá wo ojú ọgbẹ́ náà, ìlà gígùn kan láti abẹ́ ìdodo lọ sísàlẹ̀, pẹ̀lú àmì abẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo fún wọn ní ọ̀já ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n fi ọwọ́ pa á, wọ́n ní ó rọ̀, wọ́n ní kí Ọlọ́run san án fún mi. Ìyá ọkọ wa ló bá wọn dì í. Èmi sì lọ síbi iṣẹ́ mi pẹ̀lú ayọ̀, mo rò pé mo ti fi ẹ̀bùn san gbèsè èrò burúkú yẹn.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ibà fi dé. Ìyáálé mi ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ méjì ní ọ̀sán gangan. Apá òsì ojú ọgbẹ́ náà wú, ó le, ó ń dán. Wọn kò lè jẹun, bí wọ́n bá sì jẹ ẹ́ tán, wọ́n á bì í. Ìyá ọkọ wa kọ́kọ́ ní kí n má dá ara mi láàmú láti máa se ẹ̀kọ fún wọn mọ́, pé àwọn yóò máa sè é. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé wọ́n ń bo omi mímu yàrá náà, wọ́n sì ń gbé ife wọlé. Bí mo bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á dákẹ́. Bí ọmọbìnrin mi, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, bá ń ṣeré lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n á pè é pé kí ó wá jẹ ẹ̀pà. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ì bá sàn bí wọ́n bá bú mi.

Ọkọ wa náà kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Wọ́n á ní àwọn ti jẹun ní ọjà, àwọn tí kì í jẹun ní ọjà rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan wọ́n dúró lẹ́yìn mi nídìí òfì.

“Kí lo fi sínú ọ̀já yẹn?”

“Òwú ni,” ni mo wí.

“Òwú nìkan?”

Mo ní òwú nìkan. Ṣùgbọ́n mo rántí èrò mi bí mo ti ń dáhùn, ohùn mi sì yí padà díẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ọ. Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi: èmi gan-an kò dá ara mi lójú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi bóyá èrò lè ti ọwọ́ wọ aṣọ, kí ó ti aṣọ wọ ara. Bí mo bá dá ara mi láre tán láàárọ̀, mo tún ti dá ara mi lẹ́bi kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Kò sì pẹ́ tí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ayé. Mo ń fura pé ìyá ọkọ wa ló ń fi nǹkan sínú ẹ̀kọ tí wọ́n ń sè, kí wọ́n lè lé mi lọ. Mo ń fura pé irọ́ ni ibà náà. Mo ń kó irun tí mo bá yà jọ, mo ń rì í mọ́lẹ̀. Aṣọ ọmọ mi, n kì í fi sílẹ̀ lórí okùn kí ó gbẹ tán. Ìfura loògùn àgbà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, àmọ́ oògùn tí gbogbo ilé ń mu lẹ́ẹ̀kan náà, àìsàn ni ó ń dà. A ń gbé inú agboolé kan, a ń kírun pọ̀, a ń sọ pé àlàáfíà fún yín, ẹnikẹ́ni kò sì gba ife omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá ọkọ wa fẹ́ sun ọ̀já náà níná. Àáfà agboolé, tó jẹ́ àbúrò bàbá ọkọ wa, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní iwájú ilé, ló kọ̀. Wọ́n ní ẹlẹ́rìí ni ọ̀já náà, a kì í pa ẹlẹ́rìí kí ó tó sọ̀rọ̀. Wọ́n tú u kúrò nídìí ìyáálé mi, wọ́n ká a, wọ́n fi sí ọwọ́ ara wọn. Nígbà náà, mo rò pé wọ́n ń tọ́jú ẹ̀rí tí wọn yóò fi dá mi lẹ́bi ni. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nígbàkigbà tí wọ́n bá bi ìyáálé mi pé ta ni wọ́n rò pé ó ṣe é, ògiri ni wọ́n máa ń kọjú sí. Mo fẹ́ràn wọn fún ìyẹn. Mo rò pé àwọn nìkan ló ń ṣàánú mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ojú ọgbẹ́ náà bẹ́. Mo wà nídìí òfì. Ìyá ọkọ wa ti ń fi ewé gbígbóná lé ojú ibi tó wú náà láti òwúrọ̀, kí ó lè là. Mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn, òórùn kíkan tó jẹ́ kí adìẹ pàápàá kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn ìyá ọkọ wa, wọ́n ń pe orúkọ Ọlọ́run, ohùn wọn ń ga sí i. Ojú ọgbẹ́ ti ya, ọyún ń tú jáde, ohun funfun kan sì yọ ṣóńṣó láàárín ọyún náà. Wọ́n rò pé iṣan ni. Wọ́n fi ọwọ́ mú un, ó ń bọ̀. Wọ́n fà á, ó tún ń bọ̀, títí ohun tó gùn tó apá láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá fi jáde, tó rọ̀, tó sì ká kò. Aṣọ ni. Aṣọ jáde láti inú ikùn èèyàn, ní ojú obìnrin mẹ́rin tó wà nínú yàrá.

Wọ́n sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òfì mi ni wọ́n kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó wá wò mí. Aṣọ funfun ló wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kí ni wọn ì bá rò? Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ọ́ láìbínú. Èmi ni mo hun aṣọ funfun, aṣọ funfun ni wọ́n dì mọ́ ikùn, aṣọ funfun ló jáde láti inú ikùn. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹlòmíràn ni, èmi náà ì bá gbà bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa jókòó ní àgbàlá, ìyá ọkọ wa sì sọ ọ́ ní gbangba nígbẹ̀yìn: “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Wọ́n ní kí n di ẹrù mi padà sí Kuta kó tó di Jímọ̀ọ̀. Ọmọ kò ní bá mi lọ, nítorí pé ọmọ ọkọ ni, a kì í sì í fi ọmọ ẹni lé ọwọ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Mo wo ọkọ mi. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí aṣọ náà. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. O mọ ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn wa, pé ẹni tó rán nǹkan wọ inú ara èèyàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án nígbà tó bá jáde, kí ó má bàa tún padà wọlé. N kò jiyàn. Mo ní bí kò bá yẹ kí èmi fọwọ́ kàn án, kí wọ́n pe ahunṣọ mìíràn. Mo wá dárúkọ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò retí, ìyá arúgbó ahunṣọ kan ní agboolé kejì. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé wọn kò fẹ́ràn mi, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti dé ni àwọn oníbàárà wọn ti ń ya ọ̀dọ̀ mi. Nítorí ìdí èyí gan-an ni ìyá ọkọ wa fi gbà. Ẹni tó bá kórìíra mi kò ní gbè mí.

Ìyá arúgbó náà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọṣẹ dúdú fọ nǹkan náà. Wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó mọ́. Wọ́n wá tẹ́ ẹ lé orí eékún wọn, wọ́n gbé e sókè sí oòrùn, oòrùn sì là á kọjá, a ń rí ojú wọn láti òdìkejì. Wọ́n fa òwú kan jáde, wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka yí i, wọ́n tún fa òmíràn, wọ́n fi ẹnu tọ́ ọ, mo sì rí ìyá ọkọ wa tó gbójú kúrò. Wọ́n béèrè ọ̀já mi lọ́wọ́ àáfà. Wọ́n fi ìka tọ etí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọmọ mi wà lórí ẹsẹ̀ ìyá ọkọ wa, wọ́n dì í mú.

Nígbà tí ìyá arúgbó náà ṣe tán, wọ́n ní, “Ọ̀já yìí pé. Kò sí ibi tí wọ́n ti gé e.” Wọ́n wá gbé aṣọ kékeré náà sókè. “Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Òwú tí èèyàn bá fọwọ́ ran, á tóbi níhìn-ín, á tínrín lọ́hùn-ún. Èyí rí bákan náà láti orí dé ìdí. Ẹ sì wo bí ó ṣe ṣí sílẹ̀ bí àwọ̀n. Kò sẹ́ni tó fi apásà lù ú. Bí ọmọ mi bá hun irú èyí, màá gba òfì lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ìyá ọkọ wa ní bóyá mo hun ún bẹ́ẹ̀ láti tan wọ́n jẹ ni. Ìyá arúgbó náà dìde. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ràn mi, wọn kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n àwọn kò ní fi iṣẹ́ òfì purọ́ nítorí ọ̀tá. Bí wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí ibà ti bẹ̀rẹ̀.

“Ta ló ti ki ọwọ́ bọ inú ikùn yìí rí?”

Ìwọ rò ó wò. Ó lé ní ogún èèyàn tó wo ojú ọgbẹ́ yẹn, tó ka àmì abẹ́rẹ́ ara rẹ̀, tó yin òyìnbó. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. A mọ òwe náà débi pé a kò wo òde rárá.

Síbẹ̀ wọn kò tú mi sílẹ̀. Àáfà ní àwọn àti ọkọ wa yóò mú aṣọ náà lọ bá dókítà, kí ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ní kì í ṣe tòun, mo ń lọ sí Kuta. Wọ́n fi ewé wé e, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi dúró. Ẹrù mi ti wà ní dídì ní igun yàrá. Mo gbà pé òyìnbó náà yóò sẹ́, nítorí ta ni yóò jẹ́wọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún oníṣòwò obì kan láti Ìwó? Mo ń kọ́ ọmọ mi ní orúkọ bàbá mi àti orúkọ ìyá mi, mo ń jẹ́ kó pè é tẹ̀ lé mi, kí ó lè mọ ibi tí yóò wá mi sí bí ó bá dàgbà. Kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa. Ó ń pè é ní ìpèkupè, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún.

Wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún. Àáfà ló ròyìn rẹ̀ fún wa. Wọ́n ní nígbà tí dókítà tú ewé náà, ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé àgbá irin kékeré kan jáde, ó mú aṣọ kan nínú rẹ̀, ó tẹ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kò sí ìyàtọ̀. Ògbufọ̀ wá ṣàlàyé pé ohun tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn nígbà tí wọ́n bá là á nìyẹn, gbogbo rẹ̀ ló sì yẹ kó jáde kí wọ́n tó rán an. Lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé aboyún kan tó ń kú lọ dé bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ àwọn aṣọ náà sáré jáde, ọ̀kan sì ṣẹ́kù síbẹ̀. Dókítà di ọwọ́ àáfà mú. Ó ní kí wọ́n bá òun bẹ ẹni tó ni ara, kí ó sì padà wá kí òun lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ wa ní àwọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òyìnbó máa ń bẹ èèyàn.

O rò pé ìfura tán? Ó kàn ṣí kúrò lọ́dọ̀ mi ni. Àwọn kan láàárín ìlú ní òyìnbó mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ kí aláìsàn lè máa padà wá. Àwọn mìíràn ní àmì ìjọba ni, wọ́n fẹ́ fi ka iye èèyàn tó wà ní Ìwó kí wọ́n lè gba owó orí. Ọkùnrin kan láti Olúpọ̀nnà wá wo ìyáálé mi, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbọ́ ohùn nínú. Ṣùgbọ́n èmi tú ẹrù mi. Ìyá ọkọ wa kò tọrọ àforíjì, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ iléyá, wọ́n gé ẹsẹ̀ àgbò kan odindi, wọ́n gbé e fún ọmọ mi pé kí ó gbé e fún ìyá rẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Ọkọ wa ní tiwọn padà sídìí oúnjẹ mi bí ẹni pé wọn kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ rí, mo sì jẹ́ kí wọ́n jẹ ọbẹ̀ tó níyọ̀ jù fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyáálé mi kọ̀ láti padà sí ilé ìwòsàn. Ọgbẹ́ náà gbẹ fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ọkà tó gbó wọ́n ti ń rìn lọ sí ọjà. Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọ̀gbẹlẹ̀, tí àwa méjèèjì jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tí à ń yọ èso kúrò nínú òwú tuntun. Wọn kò gbé ojú sókè nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

“Inú ọkọ̀ ojú irin ló ti bẹ̀rẹ̀.”

Mo bi wọ́n pé kí ni.

“Ìrora tó ń gún mi níkùn. Kí n tó dé Ìwó. Kí n tó rí ọ̀já rẹ.”

Ọwọ́ mi dúró. Mo ní, “Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe èmi?”

“Mo mọ̀.”

Wọ́n wá ṣàlàyé, ohùn wọn kò sì yí padà. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti rí àwọn obìnrin tí wọ́n gbé wọ yàrá ọ̀bẹ tí wọn kò tún rí mọ́. Wọ́n búra fún ara wọn pé àwọn kò ní dùbúlẹ̀ lórí tábìlì yẹn mọ́ láyé. Bí wọ́n bá sọ pé láti ọ̀hún ni ìrora ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀hún ni ọkọ wa yóò dá wọn padà sí lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo fà á, àwọn ará ilé yóò tọ́jú wọn nílé. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ló bà wọ́n. Mo béèrè pé ọmọ mi ńkọ́. Wọ́n ní àwọn ti pinnu pé àwọn yóò tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n bí, wọ́n sì sọ ọ́ bí ẹni pé ó yẹ kí n dúpẹ́.

Inú bí mi débi pé n kò rí òwú tó wà lọ́wọ́ mi mọ́. Mo fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi náà ti rò nídìí òfì, nígbà tí wọ́n wà lórí tábìlì yẹn, di mí mú. Mo ti gbà nínú ọkàn mi pé kí wọ́n má padà wá. Àwọn náà ti gbà pé kí n lọ. Mo fẹ́ sọ tèmi fún wọn, kí a lè jọ wà ní ìhòòhò, n kò sì lè sọ ọ́. Títí wọ́n fi kú, n kò sọ ọ́. A jọ yọ èso òwú náà tán, a jọ gbé ilé náà fún ogún ọdún ó lé, mo sì sunkún lóòótọ́ lọ́jọ́ tí a sin wọ́n.

Nígbà tí mo bá ń rántí rẹ̀ báyìí, n kì í ronú púpọ̀ nípa òyìnbó àti aṣọ rẹ̀. Ó ṣe àṣìṣe, ó sì jẹ́wọ́. Àwa tí a wà nílé ni mo máa ń rò. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àìmọ̀ ló ń mú èèyàn fura, pé bí ẹnì kan bá mọ òtítọ́, ìfura á parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ òtítọ́ wà láàárín wa ní gbogbo àsìkò náà, ó sì rí i pé ìfura wa wúlò fún òun. Ìyá ọkọ wa nàka sí mi, gbogbo agboolé nàka sí mi, èmi pàápàá nàka sí ara mi. Ìyáálé mi nìkan ni kò nàka sí mi rí. Ìyẹn gan-an ló yẹ kí n ti fura sí.